Ààlà tí kò níṣẹ́: ohun tí aró Ìtòkú fi kọ́ mi

Níbi ìgbéyàwó kan ní Abẹ́òkúta lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ọ̀fàdà. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí." Ó ní òun ṣe ìṣirò kan níbi iṣẹ́ òun, òun fi kọ̀ǹpútà méjì ṣe é. Àwọn méjèèjì fún òun ní ètò kan náà àti èrè kan náà, kọ́bọ̀ kan kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun bi wọ́n pé èló ni àfikún ohun èlò kọ̀ọ̀kan tọ́ sí, èyí ń wí tìhín, èkejì ń wí tọ̀hún. Ọ̀gá òun sì ti fẹ́ fi ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì lọ ra ọjà. Mo ní kó sáré lọ sọ fún un pé kó má tíì rà á. Mo mọ ohun tí mo rí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti kó sí i rí, ní Ìtòkú, owó olówó sì bá a lọ. Mo ṣèlérí fún un pé màá kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà rèé.

Fún ẹni tí kò bá wa jókòó ní kíláàsì rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń sọ. Linear programming ni ìṣirò ẹni tí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó sì ń wá bí èrè inú rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó bó ṣe lè pọ̀ mọ. Aṣọ ní òpin, wákàtí ní òpin, owó ní òpin. Òpin kọ̀ọ̀kan yìí ni àwọn olóyìnbó ń pè ní constraint. Èmi a máa pè é ní ààlà, nítorí tí ẹ bá yà á sórí ìwé, ìlà gbọọrọ ni, bí ààlà oko: ẹ lè dé ìdí rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan nítorí pé kò sí ẹ̀dínwó àjẹmọ́pọ̀ nínú ìṣirò yìí. Bí aṣọ kan bá gba wákàtí mẹ́ta, aṣọ mẹ́wàá gba ọgbọ̀n, ó parí.

Leonid Kantorovich ló kọ́kọ́ gbé irú ìṣirò yìí jáde ní Rọ́ṣíà ní 1939, nígbà tí àwọn onípákó kan wá bá a pé báwo ni kí àwọn ṣe pín iṣẹ́ fún ẹ̀rọ àwọn. Ní 1947, George Dantzig, tó ń bá iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, gbé ọ̀nà tí gbogbo wa wá ń lò jáde, ìyẹn simplex. Nígbà tí wọ́n fún Kantorovich àti Koopmans ní ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1975, wọn kò ka Dantzig mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn la jókòó lé lórí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìtòkú. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ Ìtòkú, ọjà àdìrẹ. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n ń gbà ṣe àdìrẹ láti ayébáyé. Oníko ni èyí tí wọ́n ń fi ìko so ní kókó kókó kí wọ́n tó rì í sínú aró, kí aró má baà dé abẹ́ ìdì. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí lára pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Yáàdì 5 ni aṣọ ìró kan, yálà ẹlẹ́kọ tàbí oníko.

Ìyá aláró kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì mi nígbà náà. Màá kàn máa pè é ní Màmá. Ọmọ rẹ̀ ló lọ ṣòfófó fún un pé tíṣà àwọn ní ìṣirò kan tó lè sọ fún ọlọ́jà bí yóò ṣe jèrè. Màmá ní kí n wá. Èmi náà, tí ara ń yá mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ̀ǹpútà sílé, mo gbé ìwé àti bírò, ó di Ìtòkú. Iye tí màá lò nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe iye ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ti gé e kó rọrùn, kí ẹ lè fi ìka ọwọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí.

Lọ́sẹ̀ kan, Màmá ní aṣọ funfun yáàdì 200, ìyẹn aṣọ ìró 40. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wákàtí wọn lápapọ̀ jẹ́ 60. Ẹlẹ́kọ kan ń gba wákàtí 3, oníko kan ń gba 1. Aró tó lè pò jẹ́ igbá 50. Ẹlẹ́kọ kan ń mu igbá 2, oníko ń mu 1. Èrè orí ẹlẹ́kọ jẹ́ ₦3,000, ti oníko jẹ́ ₦2,000. Ẹlẹ́kọ mélòó, oníko mélòó ni kó ṣe?

Ẹ gbé ìwé onígun mẹ́rin mẹ́rin yín jáde, ẹ ya ìlà. Ẹlẹ́kọ lọ sí apá ọ̀tún, oníko lọ sókè. Ààlà aṣọ ń ti 40 lórí ẹlẹ́kọ lọ sí 40 lórí oníko. Ààlà wákàtí ń ti 20 lọ sí 60. Àwọn méjèèjì pàdé níbi tí ẹlẹ́kọ ti jẹ́ 10, tí oníko jẹ́ 30. Ilẹ̀ tó kù lábẹ́ wọn ni oko Màmá, ibi tó ti lè rìn fàlàlà. Ohun tí Dantzig lò ni pé èrè tó ga jù kì í wà láàrin oko, igun ló máa ń wà. Nítorí náà ẹ wo àwọn igun: ẹlẹ́kọ 20 láìsí oníko, ₦60,000; oníko 40 láìsí ẹlẹ́kọ, ₦80,000; ẹlẹ́kọ 10 pẹ̀lú oníko 30, ₦90,000. Ìdáhùn ti dé.

Ẹ wá ya ààlà aró. Ó ń ti 25 lórí ẹlẹ́kọ lọ sí 50 lórí oníko. Ẹ wò ó dáadáa. Kò gé nǹkan kan kúrò nínú oko. Ó kàn wá láti òkè, ó fi ara kan igun 10 àti 30 yẹn fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pa á rẹ́ kúrò lórí ìwé, oko Màmá kò fẹ̀ sí i ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan. Irú ààlà báyìí ni redundant constraint. Ààlà aláìníṣẹ́ lèmi ń pè é.

Oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ni ọkàn ọ̀rọ̀ wa. Ká ní igbá aró tí Màmá ní jẹ́ 60 ni. Ìlà rẹ̀ ì bá jìnnà sí oko, kò ní fara kàn án rárá. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣoore, kò ṣìkà. Ẹ lè gbàgbé rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 50 yìí ló léwu. Kò gba ilẹ̀ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wá dúró sórí igun gan-an tí à ń lọ. Ìlà méjì ti tó láti pààlà igun kan lórí ìwé. Nígbà tí ẹ bá rí mẹ́ta tó pàdé lójú kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọn kò pè. Igun tí ààlà pọ̀ jù lórí rẹ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní degenerate. Èmi a máa pè é ní igun àpọ̀jù.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé simplex lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ẹ lè rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ó wò ó pé ẹlẹ́kọ ló ń mú ₦3,000 wá, ó ní kí wọ́n máa ṣe ẹlẹ́kọ. Aṣọ gbà á láyè dé 40, aró gbà á dé 25, wákàtí ní 20 péré. Ó dúró ní 20. Wákàtí ti tán pátápátá. Aṣọ ku 20, aró ku igbá 10. Èrè di ₦60,000.

Ìgbà náà ló wá rí i pé ìpààrọ̀ kan wà tó lérè. Bí wọ́n bá fi ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀, wákàtí mẹ́ta tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe oníko mẹ́ta. ₦3,000 lọ, ₦6,000 dé. Ìpààrọ̀ kan ń fi ₦3,000 kún èrè. Èló ni yóò ná wa? Aṣọ kan kúrò, mẹ́ta wọlé, nítorí náà aṣọ méjì lọ sí i. Aró igbá méjì kúrò, mẹ́ta wọlé, igbá kan lọ sí i. Ìpààrọ̀ mélòó la lè ṣe? Aṣọ tó ku 20 ní mẹ́wàá. Aró tó ku 10 náà ní mẹ́wàá. Ọ̀mì! Àwọn méjèèjì tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀mì yìí ni àmì àkọ́kọ́. Simplex kò mọ bó ṣe lè sọ pé ohun méjì tán pọ̀. Nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹyọ kan ló gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan pé òun ló tán. Èkejì yóò wà lára àwọn tó ní àṣẹ́kù, ṣùgbọ́n àṣẹ́kù tirẹ̀ jẹ́ òdo, bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ "oúnjẹ" sí lára tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá mú aṣọ, iṣẹ́ parí lójú ẹsẹ̀. Bó bá mú aró, ó ṣì rò pé ọ̀nà kan wà tí òun lè gbà jèrè sí i. Ó gbẹ́sẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀ sójú kan náà. Ẹlẹ́kọ ṣì jẹ́ 10, oníko 30, èrè ₦90,000. Ìwé nìkan ló yí padà, ara kò kúrò níbi tó wà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti ṣì í.

Lẹ́yìn tí simplex bá ti parí, ó máa ń fúnni ní nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ olówò fẹ́ràn ju ìdáhùn lọ: iye tí àfikún ẹyọ kan nínú ohun èlò kọ̀ọ̀kan yóò fi kún èrè. Shadow price ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní owó abẹ́lẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá mú aṣọ níbi ọ̀mì yẹn, owó abẹ́lẹ̀ aṣọ kan yóò jẹ́ ₦1,500, ti wákàtí ₦500, ti aró òdo. Ẹ ṣe é wò: 40 lọ́nà 1,500, ẹ fi 60 lọ́nà 500 kún un, ₦90,000 ni, ó pé. Bó bá mú aró, owó abẹ́lẹ̀ aṣọ yóò jẹ́ ₦1,000, ti wákàtí òdo, ti igbá aró ₦1,000. Ẹ tún ṣe é wò: 40 lọ́nà 1,000, 50 lọ́nà 1,000, ₦90,000 kan náà. Àwọn méjèèjì ló pé. Ìwé ìṣirò kò ní mú irọ́ kankan nínú wọn.

Èyí èkejì ni kọ̀ǹpútà tèmi tẹ̀ jáde. Mo gbé e lọ fún Màmá, mo ní, "Màmá, aró ni kí ẹ rà sí i o. Igbá kan tí ẹ bá fi kún un, ẹgbẹ̀rún náírà ni." Màmá wo ìwé náà, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú, Tíṣà?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó lọ gba ohun aró lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ láwìn, èyí tó tó igbá mẹ́wàá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà lọ láti wá gba oríyìn. Mo bá aró nínú ìkòkò, ó ń wò mí. Màmá kò bínú, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù. Ó ní, "Tíṣà, aró wà. Aṣọ dà? Ọwọ́ dà? Ṣé aró ni yóò jókòó so ara rẹ̀ níko ni?" Aró tí wọ́n ti pò kì í sì í dúró deni, ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ aláró mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ìwé lọ sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣe é, láìsí kọ̀ǹpútà. Bí aró bá kúrò ní 50 tó di 51, oko Màmá kò yí padà rárá, nítorí aláìníṣẹ́ ni ààlà náà. Èrè ṣì jẹ́ ₦90,000. Àfikún náà kò mú ohunkóhun wá. Ṣùgbọ́n bí aró bá dín sí 49, ẹlẹ́kọ yóò di 9, oníko yóò di 31, èrè yóò sì di ₦89,000. Ẹgbẹ̀rún kan ti lọ lóòótọ́. Nítorí náà ₦1,000 tí kọ̀ǹpútà sọ kì í ṣe irọ́. Iye ohun tí ẹ óò pàdánù bí aró bá dín ni, kì í ṣe iye ohun tí ẹ óò jèrè bó bá lé. Ní igun àpọ̀jù, iye lílọ àti iye bíbọ̀ kì í dọ́gba, kọ̀ǹpútà sì lè mú èyíkéyìí fún yín láìsọ èyí tó mú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ. Bí aṣọ bá di 41, ẹlẹ́kọ 9 àti oníko 32 ni, ₦91,000: ẹgbẹ̀rún kan wọlé. Bó bá di 39, èrè yóò jẹ́ ₦88,500: ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló lọ. Wákàtí ńkọ́? Dín wákàtí méjì kù, ₦1,000 lọ, ìyẹn ₦500 lórí wákàtí kan. Fi wákàtí méjì kún un, òfo. Ẹ̀yin náà kíyè sí ìyẹn: ká ní kò sí ààlà aró, wákàtí méjì tí ẹ fi kún un ì bá mú ₦1,000 wá. Aró tí a pè ní aláìníṣẹ́, gbàrà tí wákàtí ṣísẹ̀, òun ló dìde dí ọ̀nà. Bí ẹ bá fi wákàtí méjì àti igbá aró kan kún un pọ̀, nígbà náà ni ẹlẹ́kọ yóò di 11, oníko 29, tí ₦91,000 yóò sì jáde. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò lè dá a ṣe.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sáré pa ààlà aláìníṣẹ́ rẹ́ kúrò nínú ìwé yín pátápátá. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá máa ń yọ wọ́n kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí iṣẹ́ lè yá, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n aláìníṣẹ́ òní lè di ọ̀gá lọ́la. Kódà aró igbá 60 tí mo ní ẹ lè gbàgbé yẹn: bí wákàtí Màmá bá di 90, aṣọ àti wákàtí nìkan yóò gba ẹlẹ́kọ 25 àti oníko 15 láyè, aró igbá 65 sì ni ìyẹn yóò mu. 60 ti kéré nìyẹn.

Àwọn aláró Ẹ̀gbá mọ ohun tí ààlà tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ju èmi lọ. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ka lílo kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó léèwọ̀, nítorí ẹjọ́ pé àdìrẹ ti ń ṣí. Àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn ti dúró lórí ohun èlò yẹn kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà ńlá ní 1936. Ẹni tó bá fẹ́ kà nípa rẹ̀, Judith Byfield ti kọ odindi ìwé kan lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta, The Bluest Hands, tó jáde ní 2002. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí òfin bá ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò léèwọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe. Igbe tó sọ ni ẹ fi mọ̀ pé ààlà yẹn gé inú oko.

Báwo lẹ ṣe lè mọ ààlà aláìníṣẹ́ láìya ìlà, pàápàá bí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bá ju méjì lọ, tí ìwé kò lè gbà á? Ẹ yọ ọ́ kúrò ná. Ẹ wá bi ìṣirò yín léèrè pé: bí àwọn ààlà yòókù nìkan bá wà, aró tó pọ̀ jù tí a lè lò jẹ́ mélòó? Ẹ má wo èrè o, aró nìkan ni kí ẹ wò. Fún Màmá, ìdáhùn ni 50. Bí ohun tí ẹ ní bá ju ìdáhùn lọ, ààlà náà jìnnà sí oko. Bó bá kéré sí i, ó níṣẹ́. Bó bá ṣe déédéé, bíi ti Màmá, ẹ ṣọ́ra.

Ọ̀nà míì wà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú ààlà aṣọ: ẹlẹ́kọ kan pẹ̀lú oníko kan, kò gbọdọ̀ ju 40. Ẹ mú ààlà wákàtí: ẹlẹ́kọ lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú oníko kan, kò gbọdọ̀ ju 60. Ẹ rò wọ́n pọ̀: ẹlẹ́kọ lọ́nà mẹ́rin pẹ̀lú oníko lọ́nà méjì, kò gbọdọ̀ ju 100. Ẹ pín in sí méjì: ẹlẹ́kọ lọ́nà méjì pẹ̀lú oníko kan, kò gbọdọ̀ ju 50. Ààlà aró nìyẹn! Àwọn méjì yòókù ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ ni, bí ọmọ tó ń gbe bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílé ẹjọ́.

Ẹ óò ní, ṣé kì í ṣe àkọsẹ̀bá ni pé aró jẹ́ 50 géérégé? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Mo bi Màmá pé báwo ló ṣe ń mọ iye aró tí yóò rà. Ó ní òun a wo aṣọ tó wà nílẹ̀, òun a wo ọwọ́ tó wà nílẹ̀, òun a wá ra aró tó tó wọn. Ẹ gbọ́ o! Obìnrin tí kò rí ìwé simplex rí ti fi ọgbọ́n ọdún gbọọrọ wọn aró rẹ̀ débi tí ohunkóhun kò ní ṣòfò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, igun àpọ̀jù ló máa ń gbé. Ìwé tí a fi kọ́ yín máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìjàǹbá tó ṣọ̀wọ́n ni. Níta, lọ́jà, níléeṣẹ́, ojoojúmọ́ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ kíláàsì máa ń bi mí: bí simplex bá lè gbẹ́sẹ̀ kó tún gbé e kalẹ̀ sójú kan náà, kí ló dá a dúró láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ayé? Ní òtítọ́, kò sí ohun tó dá a dúró. Alan Hoffman gbé àpẹẹrẹ kan jáde ní 1953 tó ń yí po lórí igun kan ṣoṣo láìdúró, E. M. L. Beale sì gbé èyí tó rọrùn díẹ̀ jáde ní 1955. Ti Màmá kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ òfo kan péré ló ṣe. Ní 1977, Robert Bland fi òfin kan lélẹ̀ tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè há sórí: ẹ fún ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nígbàkigbà tí ẹ bá ní ju ẹyọ kan lọ láti mú, yálà ẹni tó ń wọlé tàbí ẹni tó ń jáde, nọ́ńbà tó kéré jù ni kí ẹ mú. Ó fi hàn pé ẹni tó bá pa òfin yìí mọ́ kò ní yí po láé. Ó lè falẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dé.

Ṣáájú rẹ̀, ní 1952, Abraham Charnes ti gba ọ̀nà mìíràn: ó fi èérún kín-ún fi kún ohun tí wọ́n ní, kí ọ̀mì má baà ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà yìí wúlò púpọ̀ nínú ìṣirò ìkẹ́rù, èyí tí Frank Hitchcock kọ ìwé lé lórí ní 1941. Ká ní àpò ìrẹsì 60 wà ní Ọ̀fàdà, 40 sì wà ní Mòkólòkí. Láfẹ̀nwá ń fẹ́ 35, Kútọ̀ ń fẹ́ 25, Pàǹṣẹ́kẹ́ ń fẹ́ 40. Ibùdó márùn-ún ni, ìyẹn ààlà márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rin bá ti pé, ìkarùn-ún ti pé fúnra rẹ̀, nítorí ohun tó jáde àti ohun tó wọlé jẹ́ ọgọ́rùn-ún kan náà. Aláìníṣẹ́ kan wà nínú irú ìṣirò yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nítorí náà ọ̀nà mẹ́rin ló yẹ kí mọ́tò máa gbà. Ẹ wá pín in: Ọ̀fàdà fún Láfẹ̀nwá ní 35, ó fún Kútọ̀ ní 25, ilé rẹ̀ tán, Kútọ̀ náà sì yó, lẹ́ẹ̀kan náà. Mòkólòkí kó 40 lọ sí Pàǹṣẹ́kẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni. Ìkẹrin dà? Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹ fi hóró ìrẹsì kan ránṣẹ́ láti Mòkólòkí sí Kútọ̀, tí ẹ̀yin a máa rẹ́rìn-ín. Hóró kan yẹn ló jẹ́ kí ìwé ìṣirò lè máa lọ. Bí a bá parí, a ó gbé e jù sẹ́nu.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ ìgbéyàwó wa. Nínú ìwé tí Excel máa ń tẹ̀ jáde lẹ́yìn Solver, ẹ̀gbẹ́ owó abẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ "Allowable Increase" sí, ìyẹn bí ohun èlò náà ṣe lè lé tó kí owó abẹ́lẹ̀ yẹn tó di aláìjóòótọ́. Mo ní kó ka tirẹ̀ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Prof, òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀." Òdo náà ló wà nínú ìwé tèmi lọ́jọ́ Ìtòkú, ní ẹ̀gbẹ́ ₦1,000 aró. Mi ò wo ibẹ̀.

Mo san owó ohun aró náà fún oníbàárà Màmá. Nígbà tó gbọ́, ó fi oníko kan ránṣẹ́ sí mi nílé, aláró dúdú mìnìjọ̀, ó ní inú aró tèmi lòun ti rẹ ẹ́.